Owó ọ̀sán akẹ́kọ̀ọ́: kí ló yẹ kó kọ́kọ́ wọ inú abọ́?

Ohun méjì kan wà tí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì gbà gbọ́ nípa oúnjẹ ọ̀sán, méjèèjì ló sì ń ṣe wọ́n níbi. Àkọ́kọ́ ni pé oúnjẹ aṣaralóore, oúnjẹ olówó ni: sàláàdì, wàrà inú agolo, èso tí wọ́n gé sínú ike. Ìkejì ni pé bí ikùn bá ti kún, ara ti jẹun. Ẹni tó bá di méjèèjì mú á kọ́kọ́ sọ pé agbára òun kò ká oúnjẹ gidi, á wá kó ìwọ̀nba owó tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ fún ohun tó máa dí ikùn. Kó tó di aago mẹ́ta, oorun ti ń kùn ún níwájú olùkọ́. Kó tó di aago márùn-ún, ebi ti padà dé, owó míì sì ti fẹ́ jáde.

Ohun tí mo fẹ́ ṣàlàyé kò le rárá. Nínú abọ́ ọ̀sán, ẹ̀fọ́ àti ohun tó ń mọ ara, ìyẹn púrótéènì inú ẹ̀wà, ẹyin, ẹja àti ẹran, ló yẹ kí owó kọ́kọ́ rà. Èyí tó ń dí ikùn, bí ìrẹsì, ẹ̀bà, àmàlà àti búrẹ́dì, ìyẹn ló yẹ kó gba ìyókù owó. Òdìkejì èyí ni ọ̀pọ̀ wa ń ṣe.

Kì í ṣe ẹ̀bi àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Àwọn tó lọ sí yunifásítì Ìbàdàn, Ifẹ̀ tàbí Èkó ní nǹkan bí àádọ́ta ọdún sẹ́yìn, kafitéríà ni wọ́n ti ń jẹun, ìjọba sì ń bá wọn san nínú owó rẹ̀. Ní ọdún 1978 tí ìjọba ológun fi kọ́bọ̀ 50 kún owó oúnjẹ ojúmọ́, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tú jáde káàkiri orílẹ̀-èdè nínú ìwọ́de tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí "Ali Must Go", nítorí Ọ̀gágun Ahmadu Ali ló ń bójú tó ètò ẹ̀kọ́ nígbà náà. Ní ọdún 1984, ìjọba yọwọ́ nínú owó oúnjẹ náà. Bí kafitéríà ṣe ń kógbá sílé ni buka ń gbilẹ̀. Ní ayé kafitéríà, ẹnìkan wà tí iṣẹ́ rẹ̀ ni láti máa ronú pé lónìí ẹ̀wà ni, lọ́la ẹja ni. Lẹ́yìn rẹ̀, ọmọ ọdún méjìdínlógún tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lábẹ́ ìyá rẹ̀ ló di akápò àti alásè fún ara rẹ̀, láìsí ẹni tó jókòó tì í pé báyìí ni wọ́n ṣe ń ṣe é.

Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń tajà ní buka. Ìrẹsì, ṣíbí ṣíbí ni. Ẹ̀bà àti fùfú, wọ́n á ka èyí tí wọ́n wé sínú ọ̀rá. Ẹran, ẹyọ ẹyọ ni. Ṣíbí ìrẹsì kan kò fi bẹ́ẹ̀ wọ́n, ìdí nìyẹn tó fi rọrùn láti sọ pé "ẹ fi ọ̀kan sí i." Ẹran ló ń gba owó lọ́wọ́ ẹni. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá gbọ́ iye ẹran á fi ẹran sílẹ̀, á mú pọ̀nmọ́, á sì fi ṣíbí ìrẹsì méjì míì tu ara rẹ̀ nínú. Abọ́ tó gbé jókòó nìyí: ìrẹsì mẹ́ta, ẹ̀wà kan, pọ̀nmọ́ kan. Ó pọ̀ lójú, ṣùgbọ́n ohun tí ara lè fi ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀ kò pọ̀.

Ẹ yí i padà: ẹ̀wà méjì, ìrẹsì kan. Ní ọ̀pọ̀ buka, iye kan náà ni ẹ máa san, tàbí kí ó fi díẹ̀ jura lọ. Ohun tó yí padà nínú ara ni kò kéré. Bí a bá wọn gíráàmù 100 ẹ̀wà tí a kò tíì sè, púrótéènì inú rẹ̀ tó gíráàmù 23 tàbí 24. Ti ìrẹsì kò ju bíi gíráàmù 7 lọ. Ti gàrí kò ju gíráàmù kan lọ tàbí kó fi díẹ̀ lé. Ẹni tó bá wọn kílò 60 nílò bíi gíráàmù 50 púrótéènì lójúmọ́ kan kí iṣan, ẹ̀jẹ̀ àti agbára tó ń bá àrùn jà lè dúró déédéé. Ẹ lè fojú ara yín rí i pé ìrẹsì àti gàrí nìkan kò lè gbé ẹnikẹ́ni débẹ̀, bó ti wù kí abọ́ náà ga tó.

Ìdí mìíràn tún wà tí ẹ̀wà àti ìrẹsì fi yẹ kí wọ́n jọ wà nínú abọ́ kan. Púrótéènì kì í ṣe ohun kan ṣoṣo. Ẹ̀yà kéékèèké ló so pọ̀ di púrótéènì, àwọn kan sì wà nínú wọn tí ara kò lè dá ṣe fúnra rẹ̀. Èyí tí kò tó nínú ìrẹsì pọ̀ nínú ẹ̀wà, èyí tí kò tó nínú ẹ̀wà wà nínú ìrẹsì. Bákan náà ni ẹ̀wà pẹ̀lú ẹ̀kọ, ẹ̀wà pẹ̀lú búrẹ́dì, àti ẹ̀wà pẹ̀lú àgbàdo tí a ń pè ní àdàlù. Àwọn ìyá wa ti ń sè é bẹ́ẹ̀ tipẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó wọ̀n ọ́n nínú ilé àyẹ̀wò. Ẹ̀wà tún máa ń pẹ́ nínú ikùn ju ìrẹsì lọ, nítorí náà ebi aago márùn-ún kì í tètè dé.

Ọ̀pọ̀ ni yóò ní ẹ̀wà ń fẹ́ àwọn nínú. Òótọ́ ni, ó sì ní ìdí: irú ṣúgà kan wà nínú ẹ̀wà tí ikùn wa kò lè dà, àwọn kòkòrò inú ìfun ló ń bá wa dà á, afẹ́fẹ́ ló sì ń jáde níbẹ̀. Bí ẹ bá ń sè é fúnra yín, ẹ rẹ ẹ́ sómi mọ́jú, ẹ da omi náà nù, kí ẹ tó gbé e kaná pẹ̀lú omi mìíràn. Fífẹ́ inú náà yóò dín kù, ẹ̀wà á tètè jinná, gáàsì ìdáná á sì ṣẹ́kù. Káún náà ń mú un tètè jinná lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó máa ń ba fítámì B1 inú rẹ̀ jẹ́, rírẹ ló sàn jù.

Ọ̀rọ̀ pọ̀nmọ́ máa ń dá ìjà sílẹ̀. Àwọn kan ní kò sí ohunkóhun nínú rẹ̀, àwọn kan ní ẹran ni bí ẹran ni. Ìhà méjèèjì kò tọ̀nà tán. Púrótéènì wà nínú pọ̀nmọ́ dáadáa. Àmọ́ irú èyí tó wà nínú awọ, tí wọ́n ń pè ní kólájìn, kò pé: ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀yà tí ara kò lè dá ṣe kò sí nínú rẹ̀ rárá. Nítorí náà, ẹ máa jẹ pọ̀nmọ́ yín nítorí adùn rẹ̀, ẹ má kàn kà á mọ́ ohun tó dípò ẹran. Ẹni tó jẹ pọ̀nmọ́ pẹ̀lú ẹ̀wà kò ṣe ohun tó burú. Ẹni tó jẹ ẹ́ pẹ̀lú ẹ̀bà mẹ́ta àti omi ọbẹ̀, ìyẹn ni mò ń bá sọ̀rọ̀.

Bí ẹ bá fẹ́ ohun tó dípò ẹran gan-an, ẹ béèrè ẹyin. Ẹyin kan ní bíi gíráàmù 6 púrótéènì, ó sì pé pérépéré. Ẹran buka tó tinrín, tó sì kéré, kì í fi bẹ́ẹ̀ ju ẹyin kan lọ lórí èyí, ẹ sì mọ iye tí wọ́n ń tà á. Ṣáwá, pánlá àti ẹja gbígbẹ kéékèèké tún wà. Ẹja tí ẹ lè jẹ teegunteegun ń fún egungun yín ní kálísíọ́mù pẹ̀lú. Wàrà sọ́yà tí wọ́n ń dín ta lẹ́bàá ọ̀nà kò yẹ ní fífojú di. Nínú gbogbo irúgbìn tí a ń jẹ nílẹ̀ yìí, díẹ̀ ló lè bá sọ́yà dọ́gba nípa púrótéènì.

Ṣùgbọ́n bí ẹnikẹ́ni bá bi mí pé abọ́ wo ló dára jù ní buka ilẹ̀ Yorùbá, àmàlà àti àbùlà ni mo máa sọ. Ẹ rò ó wò. Gbẹ̀gìrì, ẹ̀wà ni, tí wọ́n bó èèpo rẹ̀, tí wọ́n sì sè títí tó fi yọ́. Ewédú, ewé tútù ni. Ọbẹ̀ ata ní tàtàṣé àti tòmátì nínú, epo pupa tí wọn kò yọ́ títí tó fi funfun sì ní èròjà tí ara fi ń ṣe fítámì A tó ń ṣọ́ ojú. Ohun tí àwọn onímọ̀ oúnjẹ ń fi àwòrán abọ́ ṣàlàyé fún wa wà nínú àbùlà lódidi, ará Ìbàdàn kò sì nílò kí ẹnikẹ́ni wá kọ́ ọ.

Ohun tó ń bà á jẹ́ ni ìwọ̀n. Akẹ́kọ̀ọ́ á gba àmàlà mẹ́rin, gbẹ̀gìrì á kàn kùn ún lójú. Ẹ sì rántí bí wọ́n ṣe ń ṣírò owó níbẹ̀: ní ọ̀pọ̀ ibi, àmàlà àti ẹran ni wọ́n ń gbowó lé lórí, gbẹ̀gìrì àti ewédú wà nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ìyẹn ni pé ohun tó wúlò jù nínú abọ́ yẹn ni wọn kò gbowó rẹ̀ lọ́tọ̀! "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́ mà, àmàlà méjì ti tó, ẹ bá mi fi gbẹ̀gìrì kún un dáadáa." Bí ẹ bá ti di oníbàárà rẹ̀, tí ẹ ń kí i bó ṣe yẹ, ṣàṣà ni ìyá alámàlà tó máa fi jàárá du ọmọ tó ń kàwé.

Mọ́ínmọ́ín pẹ̀lú ẹ̀kọ náà dára, ó sì ṣeé gbé lọ sí kíláàsì. Àkàrà dára bí kò bá jẹ́ epo tí wọ́n ti fi dín in láti àárọ̀ ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n ṣì ń lò. Bí epo náà bá ti dúdú, tó ń ṣèéfín, ẹ kọjá lọ.

Ẹ̀fọ́ àti èso ni ibi tí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ti ń sọ pé owó kò tó. Ẹ jẹ́ kí àsìkò máa bá yín yan èso. Àgbálùmọ̀ àti ọsàn máa ń pọ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, máńgòrò máa ń wọ́pọ̀ bí òjò ṣe ń bẹ̀rẹ̀, ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ìbẹ́pẹ kì í sábà wọ́n. Èso tó bá pọ̀ lọ́jà lọ́sẹ̀ yẹn ló dín owó jù, òun náà ló tutù jù. Ọsàn kan lẹ́yìn ẹ̀wà tún ń ṣe iṣẹ́ mìíràn: fítámì C inú rẹ̀ ń ran ara lọ́wọ́ láti gba áyọ́ọ̀nù, èròjà tí ara fi ń ṣe ẹ̀jẹ̀, tó wà nínú ẹ̀wà àti ẹ̀fọ́. Tíì tí a bá mu mọ́ oúnjẹ ń dí i lọ́wọ́. Ọ̀rọ̀ yìí kan àwọn akẹ́kọ̀ọ́bìnrin jù, nítorí nǹkan oṣù ń gba ẹ̀jẹ̀ lára wọn lóṣooṣù.

Ohun mímu ló ń jẹ owó láìjẹ́ kí a mọ̀. Ẹ wo ara ìgò ẹlẹ́rìndòdò, wọ́n máa ń kọ iye ṣúgà tó wà nínú mìlílítà 100 síbẹ̀. Bí wọ́n bá kọ gíráàmù 10, ìgò 50cl ní gíráàmù 50 nínú, ṣíbí tíì kan sì jẹ́ bíi gíráàmù 4, èyí tó túmọ̀ sí ṣíbí ṣúgà méjìlá ó lé. Àjọ ìlera àgbáyé ní kí ṣúgà tí a ń fi kún nǹkan má ju bíi gíráàmù 50 lọ fún àgbàlagbà lójúmọ́, ó sì sàn kí ó dín sí 25. Ìgò kan ti gba gbogbo rẹ̀. Owó ìgò náà, ẹ fi ra ẹyin, kí ẹ mu omi. Zóbò tí ẹ sè fúnra yín náà dára, torí ọwọ́ yín ni ṣúgà rẹ̀ wà.

Ọ̀rọ̀ kan náà ni ti núdù. Kì í ṣe májèlé. Ìyẹ̀fun wíìtì tí wọ́n dín ni, pẹ̀lú ọ̀rá èròjà tí iyọ̀ pọ̀ nínú rẹ̀. Ẹ lo ìdajì èròjà náà, ẹ fọ́ ẹyin sí i, ẹ gé ẹ̀fọ́ sí i, ó di oúnjẹ.

Ẹ jẹ́ kí n dé orí sísè nínú yàrá. Ìmọ̀ràn tó kún orí íntánẹ́ẹ̀tì ni pé kí a sè oúnjẹ ọ̀sẹ̀ kan lọ́jọ́ Àìkú, kí a pín in sínú ike, kí a kó o sínú fìríìjì. Ẹni tó kọ ọ́ ní iná mànàmáná tó ń tàn tọ̀sán-tòru. Ní họ́sítẹ́ẹ̀lì tí iná ti ń ṣe ségesège, ìmọ̀ràn yìí lè gbé ènìyàn dé ilé ìwòsàn. Kòkòrò àìfojúrí kan wà tó fẹ́ràn ìrẹsì, Bacillus cereus lorúkọ rẹ̀. Irúgbìn rẹ̀ kì í kú nínú omi híhó. Bí ìrẹsì sísè bá wà nílẹ̀ pẹ́ láì gbóná láì tutù, yóò hù, yóò sì tu oró sínú oúnjẹ náà, gbígbóná lẹ́yìn náà kò sì ní pa oró ọ̀hún. Wákàtí méjì ni kí oúnjẹ sísè má jù lọ nílẹ̀ nínú ooru wa yìí. Bí ẹ bá fẹ́ gbé ìrẹsì lọ sí kíláàsì, láti orí iná ni kí ó ti bọ́ sínú kúlà tó ń mú nǹkan gbóná, kí ẹ jẹ ẹ́ nígbà tó ṣì ń yọ ooru.

Ohun tó ṣeé tọ́jú láìsí fìríìjì ni oúnjẹ gbígbẹ: ẹ̀wà, èlùbọ́, gàrí, ẹ̀pà, ẹja gbígbẹ, edé. Ata díndín tí wọ́n dín títí omi inú rẹ̀ fi gbẹ, tí epo fi yọ sókè, máa ń pẹ́ díẹ̀ bí ẹ bá ń gbé e kaná kó hó láàárọ̀ àti lálẹ́, tí ẹ kò sì ti ṣíbí tí ẹ ti lá bọ inú rẹ̀.

Lórí ẹ̀wà tí ẹ bá rà lọ́jà, ìkìlọ̀ kan wà tí n kò ní fọwọ́ kékeré mú. Àwọn oníṣòwò kan máa ń fi òògùn apakòkòrò tí gbogbo wa mọ̀ sí Sniper pa kòkòrò inú ẹ̀wà. NAFDAC ti ń kìlọ̀ lórí rẹ̀, àjọ náà sì fòfin de títa ìgò kékeré irú òògùn bẹ́ẹ̀ ní ọdún 2019. Ẹ gbóòórùn ẹ̀wà kí ẹ tó sanwó. Bí òórùn òògùn bá wà lára rẹ̀, ẹ fi sílẹ̀, fífọ̀ kò lè wẹ̀ ẹ́ tán. Ẹ̀wà tí kòkòrò ti jẹ díẹ̀ sàn jù ú lọ fíìfíì. Bí ẹ bá gbé tiyín délé, ẹ sá a sóòrùn, ẹ kó o sínú ike tí afẹ́fẹ́ kò lè wọ̀.

Bí ẹni mẹ́rin nínú yàrá kan bá da owó pọ̀, tí wọ́n lọ sí ọjà Bódìjà ní Ìbàdàn, tàbí Odò Ogbè ní Ifẹ̀, tàbí Mile 12 ní Èkó, iye tí wọ́n máa fi ra kóńgò ẹ̀wà àti agbọ̀n tòmátì kò lè rí bí èyí tí ẹnìkan ń rà ní ẹnu ọ̀nà họ́sítẹ́ẹ̀lì. Kí ẹnìkan máa kọ ìnáwó sílẹ̀ o, ibẹ̀ ni ìjà ti máa ń bẹ̀rẹ̀.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní orúkọ fún ìgbà tí owó kò bá sí: 0-1-0, ìyẹn oúnjẹ ẹ̀ẹ̀kan lójúmọ́, ọ̀sán nìkan. Ohun tí wọ́n máa ń bẹ̀rù níbẹ̀ ni ọgbẹ́ inú. Ẹ jẹ́ kí a yanjú èyí. Ebi kọ́ ló ń dá ọgbẹ́ inú sílẹ̀. Àwọn dókítà ará Ọsirélíà méjì, Barry Marshall àti Robin Warren, gba ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 2005 torí wọ́n fi hàn pé kòkòrò kan tó ń jẹ́ Helicobacter pylori wà nídìí ọ̀pọ̀ rẹ̀. Ìdí pàtàkì kejì ni òògùn ara ríro bí ìbúprófìn àti Feldene, pàápàá bí a bá ń lò wọ́n lemọ́lemọ́. Ebi lè mú kí ọgbẹ́ tó ti wà níbẹ̀ máa ta ènìyàn. Nítorí náà, ẹni tí inú bá ń ta fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀, kí ó lọ sí ilé ìwòsàn ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ fún àyẹ̀wò. Kòkòrò náà ní òògùn. Kí ó má jókòó sí yàrá kí ó máa dá ara rẹ̀ lẹ́bi pé òun kò jẹun tó.

Mo mọ̀ pé gbogbo ohun tí mo ti ń sọ nílò owó, ó kéré tán owó díẹ̀. Owó ìgbọ́bùkátà tí àjọ NELFUND bẹ̀rẹ̀ sí yá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ọdún 2024 jẹ́ 20,000 náírà lóṣù. Bí a bá pín in sí ọgbọ̀n ọjọ́, kò tó 670 náírà lójúmọ́, fún oúnjẹ, ọkọ̀ àti ìwé. Mi ò ní bá ẹnikẹ́ni sọ pé owó yẹn tó. Ọjọ́ tí owó bá wọlé ló ṣe pàtàkì jù fún ẹni tó wà nírú ipò yìí, nítorí ọjọ́ yẹn ni ebi kò tíì máa darí ọwọ́ rẹ̀.

Gàrí mímu kò ní ohun ìtìjú nínú. Ohun tí kò tó nínú rẹ̀ ni ẹ máa fi kún un. Ẹ̀pà ẹ̀kúnwọ́ kan, bíi gíráàmù 30, ní púrótéènì ju ẹyin kan lọ. Kúlíkúlí, tí wọ́n ti fún òróró kúrò nínú ẹ̀pà rẹ̀, tún lágbára jù bẹ́ẹ̀. Ẹ ṣa ẹ̀pà tó bu tàbí tó dúdú kúrò, oró inú èbù rẹ̀ máa ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́. Nítorí náà, lọ́jọ́ tí owó bá wọlé, kí ẹ tó dé buka, kí ẹ tó ra káàdì, ẹ ra ẹ̀wà, gàrí, ẹ̀pà àti ẹja gbígbẹ tó máa lo oṣù, kí ẹ tó mọ iye tó ṣẹ́kù fún ohun mìíràn.